Ìrudi hibiscus mi ń já bọ́, nǹkan funfun bí òwú sì bo orí ẹ̀ka, ẹ dákun kí ni mo lè ṣe?

ỌmọOlódòdó

Ẹ̀yin ará mi, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́, mo nílò ìrànlọ́wọ́ yín torí ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n rí oorun sùn. Mo ní hibiscus pupa kan nínú ìkòkò, ẹ̀ka ara èyí tí màámi gbìn ni mo gé tí mo fi gbìn ín lọ́dún tí wọ́n lọ, ó ti pé ọdún 6 báyìí, kò sì sí ọdún tí kì í tanná, ọdún yìí nìkan ló yí padà.

Ohun tí mò ń rí lára ẹ̀ nìyí. Orí àwọn ẹ̀ka tuntun ti ká kò, ewé ibẹ̀ kéré, ó wú, ó ṣù pọ̀ bí ìgbà tèèyàn di ẹ̀ṣẹ́, kò tẹ́ bí ewé tó kù. Nǹkan funfun kan wà níbi tí ewé ti so mọ́ ẹ̀ka, ó dà bíi pé wọ́n ya òwú mọ́ ọn, tí mo bá fọwọ́ kàn án á lẹ̀ mọ́ mi lọ́wọ́. Àwọn ewé ìsàlẹ̀ ń dán bíi pé wọ́n da omi ṣúgà sí i lórí, òmíràn tiẹ̀ ti dúdú bí ìdí ìkòkò ìdáná, tí mo bá fi ìka nù ún ó ń ṣí. Ìrudi ń yọ o, kì í ṣe pé kò rudi, àmọ́ kó tó là ìdí ẹ̀ á ti pọ́n ràkọ̀ràkọ̀, á wá já bọ́. Lánàá nìkan mo ka 11 nílẹ̀.

Ẹnì kan ní kí n po ọṣẹ ìfọṣọ oníyẹ̀fun mọ́ omi kí n fi fín in, mo fín in lọ́sàn-án gangan, nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì etí ewé ti jó, ó gbẹ wọ́kọ́wọ́kọ́, nǹkan funfun yẹn ṣì wà níbẹ̀. Inú mi bàjẹ́ gan-an. Ẹ jọ̀ọ́ kòkòrò wo lèyí, ṣé igi yìí ṣì lè bọ̀ sípò?

Bàbá_Ọgbà

Àbúrò mi, pẹ̀lẹ́. Kí ọkàn ẹ balẹ̀, hibiscus kì í tètè kú, mo ti rí èyí tí wọ́n gé kù bíi ẹsẹ̀ bàtà kan tó tún rúwé padà.

Ọṣẹ ìfọṣọ yẹn, má fín in mọ́ o. Dìtájẹ́ǹtì ni, kì í ṣe ọṣẹ gidi, ó máa ń bó ohun tẹ́ẹ́rẹ́ tó dà bí ìda lára ewé kúrò, ìyẹn ló sì ń dáàbò bo ewé, tí èyí bá ti ṣí tán oòrùn á wá sun ún. Gbé ìkòkò náà sábẹ́ ibòji fún bí ọjọ́ méjì mẹ́ta, kí o sì fi omi tó mọ́ ṣan ewé náà, lókè àti lábẹ́, jẹ́ kí omi náà le díẹ̀, á gbá púpọ̀ nínú àwọn kòkòrò yẹn dànù. Bo orí ilẹ̀ inú ìkòkò pẹ̀lú ọ̀rá kí ọṣẹ yẹn má bàa ṣàn lọ bá gbòǹgbò.

Lẹ́yìn ìyẹn wá dá mi lóhùn nǹkan mẹ́ta. Ṣé o rí èèrà tó ń gun igi náà? Tí o bá la ìrudi tó já bọ́ sí méjì, kí lo rí nínú ẹ̀? Tí o bá gbọn orí ẹ̀ka sórí pépà funfun, kí ló ń já sílẹ̀? Fi kámẹ́rà fóònù sún un mọ́ra dáadáa, má kàn fojú lásán wò ó. A ò lè pa ohun tá ò tíì mọ̀.

ỌmọOlódòdó

Ẹ ṣé gan-an sà. Mo ti ṣan án, mo ti gbé e sí ibòji.

Èèrà ń bẹ sà! Wọ́n tò láti ìsàlẹ̀ dé òkè, mi ò tiẹ̀ ka èyí sí nǹkan kan tẹ́lẹ̀ torí mo rò pé òdòdó ni wọ́n ń wá. Lórí pépà, àwọn nǹkan róbótó funfun ló já bọ́, wọn ò yára, òmíràn ò tiẹ̀ rìn rárá. Ìrudi wá ni ó bà mí lẹ́rù jù, mo la 6, nínú 4 mo rí ìdin tín-ń-tín, ó funfun ó sì fẹ́ ní àwọ̀ yẹ́lò, kò tó hóró ìrẹsì, ọ̀kan tiẹ̀ ká ara ẹ̀ kò, ó sì ta pọ́ún kúrò lórí pépà.

Mo tún rí àwọn funfun kan tó tóbi ju tàwọn yòókù lọ, irun funfun gígùn ló bò wọ́n, wọ́n sì ń sáré. Mo rò pé ìyá wọn nìyẹn, mo ti tẹ bíi 5 pa.

Oníkòkòrò

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dákun ẹ dáwọ́ dúró, ẹ má tẹ àwọn tó ń sáré yẹn pa mọ́! Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ pé àwọn ló ń bá yín ṣiṣẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti ibẹ̀. Kòkòrò funfun bí òwú tó kó ara jọ síbi oríkèé ẹ̀ka, tó róbótó, tí kì í sáré, mealybug nìyẹn. Oje igi ló ń fà mu. Ladybird kan, ìyẹn kòkòrò kékeré róbótó tó ń jẹ kòkòrò mìíràn, sì wà tí wọ́n ń pè ní Cryptolaemus, ọmọ rẹ̀ máa ń múra bíi mealybug gẹ́lẹ́, funfun, irun ìda lára, kí èèrà má bàa tètè dá a mọ̀, ṣùgbọ́n mealybug gan-an ni oúnjẹ ẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn ni pé mealybug tó ti dàgbà kì í gùn ju bíi 3 sí 4 mílímítà lọ, kì í sì fẹ́ kúrò níbi tó bá ti dúró, ọmọ ladybird yìí lè gùn tó 13 mílímítà, irun ara ẹ̀ gùn ó rí játijàti, ó sì ń rìn kiri torí ó ń wá ẹran. Tó bá dàgbà, á di kòkòrò kékeré róbótó, ara ẹ̀ dúdú, orí ẹ̀ pọ́n bí ọsàn, kò ní àmì tó-tò-tó lára. Australia ni wọ́n ti mú un wá, lọ́dún 1891 ni wọ́n gbé e dé California kó lè bá wọn pa mealybug lórí igi ọsàn, ó sì ṣe é. Ẹ wo ohun tó wá bá yín lọ́fẹ̀ẹ́. Èmi náà ti tẹ̀ wọ́n pa rí kí n tó mọ̀, ó ṣì ń dùn mí.

Ewé orí ẹ̀ka tó ṣù bí ẹ̀ṣẹ́ yẹn wá jẹ́ kí n fura sí irú mealybug kan pàtó, èyí tí ara ẹ̀ pọ́n rẹ́súrẹ́sú lábẹ́ òwú funfun yẹn. Ẹ fi abẹ́rẹ́ gún ọ̀kan, tí omi tó jáde bá ní àwọ̀ píǹkì, òun náà ni. Itọ́ ẹ̀ ló ń da ìdàgbà ewé rú, ìdí nìyẹn tí ewé fi ń ká kò tí kì í lè tẹ́ mọ́. Nígbà tó dé Grenada lọ́dún 1994 ìyà tó fi jẹ hibiscus àti igi mìíràn níbẹ̀ kò kéré, láti ibẹ̀ ló ti tàn dé àwọn erékùṣù mìíràn ní Caribbean, oògùn fínfín ò sì ká a, àfìgbà tí wọ́n mú ladybird tí mo sọ yẹn wá pẹ̀lú agbọ́n tín-ń-tín kan tó ń yé ẹyin sínú mealybug, ìgbà yẹn ló tó rọlẹ̀.

Omi ṣúgà tẹ́ ẹ rí lórí ewé, ìgbẹ́ mealybug ni. Oje igi dùn, ó sì pọ̀ ju ohun tí kòkòrò náà nílò lọ, ó wá ń ya èyí tó kù. Ohun dúdú yẹn ń hù lórí omi dídùn náà ni, bó ṣe máa ń hù lórí búrẹ́dì tó bá bu, kò wọnú ewé lọ, ìdí nìyẹn tó fi ń ṣí tẹ́ ẹ bá nù ún, ó kàn ń dí oòrùn lọ́wọ́ ewé ni. Èèrà ń wá omi dídùn yẹn, torí náà wọ́n ń ṣọ́ mealybug bí darandaran ṣe ń ṣọ́ màlúù, ladybird tó bá sún mọ́ ọn wọ́n á lé e. Ìyẹn ni pé bí èèrà bá ṣì ń gùn ún, ẹ kàn ń ṣe wàhálà lásán ni. Ẹ kọ́kọ́ bá èèrà jà.

Ìdin inú ìrudi o, ọ̀rọ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn, ẹ má pa á pọ̀ mọ́ mealybug. Ọmọ eṣinṣin kékeré kan ni, midge ni wọ́n ń pè é, kò tóbi ju ẹ̀fọn tín-ń-tín lọ. Ó ń yé ẹyin sínú ìrudi tó ṣì kéré, ìdin á jẹ inú ẹ̀, ìrudi á pọ́n á já, ìdin á jáde á wọ inú ilẹ̀ ìkòkò, á yíra padà níbẹ̀, ní bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta sí mẹ́rin láti ìgbà tí wọ́n yé e á tún fò jáde di eṣinṣin tó máa lọ yé ẹyin sínú ìrudi mìíràn. Ìdin tó ń ta pọ́ún yẹn gan-an ló jẹ́ kí n gbà pé òun ni. Kò sí oògùn fínfín tó máa débẹ̀, inú ìrudi ló wà. Tó bá jẹ́ thrips ni, ìyẹn kòkòrò tín-ń-tín mìíràn, ẹ ò ní rí ìdin, ẹ̀ẹ́ rí nǹkan tẹ́ẹ́rẹ́ bí òwú ìránṣọ tí wọ́n gé kéékèèké, tó ń sáré láàárín òdòdó, etí òdòdó á sì máa ní àpá funfun tàbí kó pupa bí ìpẹtà.

ÀdùkẹEwéko

Oníkòkòrò ti sọ tán, mo kàn fẹ́ fi ọwọ́ iṣẹ́ kún un torí mo ti bá mealybug fà á fún odindi ọdún kan.

Ẹ gé àwọn orí ẹ̀ka tó ṣù yẹn kúrò, gbogbo ẹ̀, ẹ má ṣàánú ẹ̀, ewé yẹn ò ní tẹ́ mọ́ láé, inú ẹ̀ ni ẹyin wọn wà jù. Bí ẹ bá ṣe ń gé e ni kẹ́ ẹ máa kó o sínú báàgì ọ̀rá, ẹ di ẹnu ẹ̀ pa, ẹ má da á sórí ààtàn tẹ́ ẹ fi ń ṣe ajílẹ̀. Àmọ́ kẹ́ ẹ tó di báàgì yẹn ẹ kọ́kọ́ gbọn àwọn tó ń sáré yẹn padà sórí igi o.

Èyí tó kù lára ẹ̀ka, ẹ fi òwú rin sípíríìtì, èyí tí wọ́n kọ 70% sí lára, ẹ fi kan mealybug lọ́kọ̀ọ̀kan, ojú ẹsẹ̀ ni funfun yẹn á yọ́ tí ara ẹ̀ á wá hàn. Ó gba sùúrù. Mo máa ń jókòó tì í láàárọ̀ kí n tó lọ síbi iṣẹ́, tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́ kan, òwú lọ́wọ́ kejì.

Tí ẹ bá fẹ́ fín ọṣẹ, ọṣẹ olómi gidi tí wọ́n fi òróró ṣe, tí kò ní lọ́fínńdà, kò sì ní ohun tó ń bó ọ̀rá, ṣíbí kékeré kan, ìyẹn 5 mílílítà, sínú omi lítà 1, ẹ lè mú un dé ṣíbí méjì tí ewé bá gbà á. Ẹ kọ́kọ́ dán an wò lára ewé kan, kẹ́ ẹ fún un ní ọjọ́ kan sí méjì, pàápàá torí ewé yín ti jó lẹ́ẹ̀kan. Ìrọ̀lẹ́ ni kẹ́ ẹ fín in, tí oòrùn ti rọlẹ̀ tí oyin ti lọ ilé, kẹ́ ẹ sì fín abẹ́ ewé torí ibẹ̀ ni wọ́n wà. Ọṣẹ ò ní agbára kankan mọ́ tó bá ti gbẹ, èyí tó bá kàn nígbà tó ṣì tutù nìkan ló ń pa, ẹyin ò sì kú, torí ẹ̀ ni ẹ ṣe máa tún un fín ní bí ọjọ́ 5 sí 7, ó kéré tán ìgbà mẹ́ta. Ibi tí ẹ bá ti rí ọmọ ladybird, ẹ má fín ibẹ̀, òwú nìkan ni kẹ́ ẹ lò.

Òróró dógóyárò náà dáa, 5 mílílítà sínú lítà omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ 1 pẹ̀lú ẹ̀kán ọṣẹ díẹ̀ kó lè pò pọ̀, ẹ gbọ̀n ọ́n dáadáa, ẹ lò ó tán lọ́jọ́ yẹn. Òun kì í pa wọ́n lójú ẹsẹ̀, ohun tó wà nínú ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí ọmọ kòkòrò lè bọ́ awọ kó dàgbà, kì í sì í jẹ́ kó wù wọ́n jẹ, nítorí náà ẹ má rò pé kò ṣiṣẹ́ tẹ́ ẹ bá ṣì rí wọn lọ́jọ́ kejì.

Bàbá_Ọgbà

Àdùkẹ́ o ṣeun. Ti èèrà, àbúrò mi, wo bóyá ẹ̀ka kankan fara kan ògiri tàbí igi mìíràn, gé e, torí afárá wọn nìyẹn. Lẹ́yìn náà fi téèpù yí ìdí igi ká, kí o fi gọ́ọ̀mù tí kì í gbẹ kun orí téèpù náà, má kun ún sára èèpo igi tààrà. Gbé ẹsẹ̀ ìkòkò sínú abọ́ omi tí o bá lè ṣe é. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ o máa rí i pé wọn ò gùn ún mọ́.

Ti ìrudi, ọ̀rọ̀ yìí máa dùn ẹ́ àmọ́ mo ní láti sọ ọ́. Ṣa gbogbo èyí tó wà nílẹ̀ láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kí ìdin tó jáde lọ wọ ilẹ̀. Èyí tó ṣì wà lórí igi, já gbogbo ẹ̀ pátápátá, kékeré àti ńlá, kí o sì máa já èyí tó bá tún yọ títí bí ọ̀sẹ̀ 4. Eṣinṣin yẹn á jáde láti inú ilẹ̀, kò ní rí ibi yé ẹyin sí, á kú. Bu ilẹ̀ òkè ìkòkò kúrò ní bí ìwọ̀n ìka méjì, da á sínú ọ̀rá, fi tuntun rọ́pò ẹ̀. Bó o bá ń bu ún, wo gbòǹgbò náà bóyá funfun bí òwú wà níbẹ̀, mealybug kan wà tó jẹ́ pé gbòǹgbò ló ń gbé.

Ajílẹ̀ ńkọ́? Ṣé ò ń dà á púpọ̀?

ỌmọOlódòdó

Hmmm. Ẹ sọ òótọ́ sà. Nígbà tí mo rí i tó ń ṣàárẹ̀, mo ń da ajílẹ̀ aláwọ̀ búlúù yẹn lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, mo rò pé mò ń fún un lágbára.

Bàbá_Ọgbà

Dá a dúró fún báyìí. Nitrogen inú ajílẹ̀ tó bá pọ̀ jù máa ń jẹ́ kí ewé tuntun rọ̀ kí oje ẹ̀ sì dùn fún gbogbo kòkòrò tó ń fa oje mu, aphid, mealybug, eṣinṣin funfun, gbogbo wọn. Omi nìkan ni kó o máa fún un, kí ilẹ̀ má gbẹ táútáú, kó má sì rin gbindin.

Olóko_Kékeré

Gbogbo wàhálà òwú yìí ńkọ́? Oògùn wà tí wọ́n ń dà sídìí igi, gbòǹgbò á fà á lọ sókè, kòkòrò tó bá mu oje á kú. Ẹ̀ẹ̀kan péré lẹ máa dà á. Mo lò ó fún tèmi, ó ṣiṣẹ́.

Oníkòkòrò

Ẹ̀gbọ́n, mi ò jiyàn pé ó ń pa mealybug. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù níbẹ̀ ni pé oògùn tó bá gba inú oje lọ máa dé inú òdòdó náà, oyin tó bá wá mu omi inú òdòdó yẹn á mu ún, ó sì lè pẹ́ nínú igi fún oṣù mélòó kan. Imidacloprid ló wọ́pọ̀ jù nínú wọn, lọ́dún 2018 European Union fòfin dè é pé kí wọ́n má lò ó níta gbangba mọ́, òun pẹ̀lú méjì mìíràn tí wọ́n jọ jẹ́ ẹbí, torí oyin ni. Ladybird tó bá jẹ mealybug tó ti mu oògùn yẹn náà á forí gbá a. Àwọn tí wọ́n ń gba igi yìí lọ́wọ́ kòkòrò báyìí ló máa kọ́kọ́ kú. Igi kan péré ló wà nínú ìkòkò, ọwọ́ ká a. Tó bá jẹ́ ọgbà ńlá ni, ọ̀rọ̀ lè yàtọ̀, síbẹ̀ náà ìgbà tí igi ò bá tanná ni kéèyàn dà á sí i.

Olóko_Kékeré

Mo gbọ́. Mi ò ronú kan oyin. Ẹ ṣeun.

ỌmọOlódòdó

Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n mi àti àbúrò mi, mo ní kí n padà wá sọ ibi tó dé. Ó ti lé ní ọ̀sẹ̀ 7.

Mo ṣe gbogbo ohun tẹ́ ẹ sọ. Omi tó jáde lára mealybug náà pọ́n píǹkì lóòótọ́, Oníkòkòrò mọ ohun tó ń sọ. Mo gé orí ẹ̀ka 9, igi náà wá rí kúkúrú, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí bí ara ẹ̀ mọ́, ọjọ́ yẹn mi ò lè wò ó. Gọ́ọ̀mù orí téèpù ló yà mí lẹ́nu jù, ọjọ́ kẹta kò sí èèrà kan lókè mọ́, láàárín ọ̀sẹ̀ kan sí ìgbà yẹn àwọn ọmọ ladybird pọ̀ sí i, mo ka 14, mo sì ti rí àgbà ẹ̀ kan, dúdú, orí ẹ̀ pọ́n bí ọsàn bẹ́ ẹ ṣe wí. Sípíríìtì lórí òwú ni mo lò jù, ọṣẹ ẹ̀ẹ̀mẹta péré, lápá ibi tí wọn ò sí. Ewé tó ti dúdú yẹn mo fi aṣọ rírin nù ún, àwọ̀ ewé gidi jáde.

Ìrudi ni iṣẹ́ tó le jù nínú gbogbo ẹ̀. Kéèyàn fi ọwọ́ ara ẹ̀ já ìrudi igi tó jẹ́ pé òdòdó ẹ̀ lò ń retí. Mo já a fún ọ̀sẹ̀ 4 gbáko, mo wá fi ìyókù sílẹ̀. Àkọ́kọ́ tó pọ́n tó já, mo là á, ìdin 1 wà nínú ẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn mo la 5, kò sí nǹkan kan. Láàárọ̀ yìí ọ̀kan là. Pupa, ó tóbi tó ọwọ́ mi tí mo bá tẹ́ ẹ. Mo ya fọ́tò ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ó pè mí, a ò lè sọ̀rọ̀ dáadáa.

ÀdùkẹEwéko

Ah, ẹ kú oríire o! Inú mi dùn gan-an. Ẹ ṣì máa yẹ ẹ̀ wò lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, abẹ́ ewé àti oríkèé, kẹ́ ẹ sì máa pààrọ̀ gọ́ọ̀mù yẹn tí erùpẹ̀ bá ti bò ó.

Bàbá_Ọgbà

Ó káre láyé, àbúrò mi. Ohun kan ló kù. Má fi igi màmá ẹ sínú ìkòkò kan ṣoṣo mọ́. Gé ẹ̀ka 2 tàbí 3 tó mọ́, tí kò ní funfun kankan lára, gígùn ìka kan àti ààbọ̀, tí kò tutù jù, já ewé ìsàlẹ̀ ẹ̀, gbìn ín sínú ilẹ̀ tuntun níbi tó jìnnà sí èyí, kó o sì fún ẹ̀gbọ́n ẹ ní ọ̀kan.

ỌmọOlódòdó

Mo ti gé 4 sà. Ọ̀kan jẹ́ ti ẹ̀gbọ́n mi.